Búrẹ́dì tí kò ní gluten, tí kò ní wàrà: ó ń wú, àárín rẹ̀ ń rì

Àdùkẹ́Ilé

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà sọ fún ọkọ mi pé àrùn celiac ló wà lára rẹ̀, pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan ohun tó ní gluten mọ́. Àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní tirẹ̀, wàrà kì í bá a lára mu. Mo wá rò ó pé kàkà kí n máa yan búrẹ́dì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí n kúkú yan ẹyọ kan tí gbogbo wa á jọ máa jẹ.

Ìyẹ̀fun ìrẹsì nìkan ni mo fi dípò ìyẹ̀fun àlìkámà. Mo fi yíìsì, ṣúgà, iyọ̀, òróró àti omi sí i, mo sì pò ó bí mo ṣe máa ń po ti tẹ́lẹ̀. Ó wú nínú páànù débi pé ó fẹ́ kún àkúnwọ́sílẹ̀. Àfi bó ṣe wọ ààrò tí àárín rẹ̀ rì wọlé. Nígbà tí mo gé e, èèpo rẹ̀ le koko, inú rẹ̀ tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti ń rún wómúwómú. Ọkọ mi ní ó dùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

AyanBúrẹ́dì

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ní láti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń po búrẹ́dì àlìkámà.

Purotéènì méjì kan wà nínú àlìkámà tí wọ́n ń pè ní gliadin àti glutenin. Bí omi bá ti kàn wọ́n, tí ọwọ́ sì ń pò wọ́n, wọ́n á so kọ́ra, wọ́n á di gluten, tó dà bí àwọ̀n tó ń fà tí kì í tètè já. Yíìsì ń jẹ ṣúgà, ó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, àwọ̀n yẹn ló ń há afẹ́fẹ́ náà mọ́. Ìrẹsì kò ní in. Ẹ lè pò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní ní in. Afẹ́fẹ́ gbé e sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ooru ààrò kàn án, àwọn ihò afẹ́fẹ́ náà fẹ̀ ju ohun tó lè gbé wọn ró lọ, wọ́n bẹ́, gbogbo rẹ̀ bá wálẹ̀.

Nǹkan mìíràn ló gbọ́dọ̀ wá ṣe iṣẹ́ gluten. Èyí tí èmi fọkàn tán jù ni éèpo psyllium. Èso wẹ́wẹ́ kan ni, éèpo rẹ̀ ni wọ́n ń bó tà. Bí ẹ bá dà á sínú omi tí ẹ sì rò ó, kò ní pẹ́ tó fi máa ki, tí á máa yọ̀ bọ̀rọ́, tí á sì máa fà. Ẹ jẹ́ kó ki tán kí ẹ tó dà á sí ìyẹ̀fun.

Ẹ má sì fi ìyẹ̀fun ẹyọ kan ṣe é. Ìrẹsì nìkan máa ń ṣe ṣàkìṣàkì lẹ́nu. Ẹ pò ó mọ́ ìyẹ̀fun tó ní purotéènì díẹ̀, bíi ti ọkà bàbà tàbí ti buckwheat (òun àti àlìkámà kò bára tan rárá), kí ẹ wá fi sítáàṣì kún un kó lè fúyẹ́.

Omi ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣahun rẹ̀. Búrẹ́dì àlìkámà máa ń gba omi tó tó ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ìyẹ̀fun rẹ̀. Eléyìí lè gba ọgọ́rùn-ún, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí i tó rọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má fi ìyẹ̀fun kún un.

BísíAláàrò

Ẹ̀gbọ́n AyanBúrẹ́dì, mo gbà fún yín lórí omi, àmọ́ kì í ṣe psyllium nìkan ló wà. Xanthan gum ni mo fi ń ṣe tèmi. Kòkòrò bakitéríà kan ni wọ́n ń fi ṣúgà bọ́ tí wọ́n fi ń rí i, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Ṣíbí tíì kan tó fún odindi búrẹ́dì kan, a kì í sì í tọ́ ọ wò lẹ́nu. Psyllium ní òórùn koríko kan tí kò tẹ́ mi lọ́rùn.

AyanBúrẹ́dì

Bísí, o ò purọ́. Àmọ́ fi xanthan nìkan ṣe búrẹ́dì, kí o wá gbìyànjú láti fi ọwọ́ ṣù ú ribiti. Kò ní gbà fún ẹ. Àpòpọ̀ tí wọ́n ń dà sínú páànù ni xanthan dára fún. Psyllium ló ń jẹ́ kí ọwọ́ rí nǹkan dì mú, òun náà ló ń jẹ́ kí ègé búrẹ́dì ṣeé tẹ̀ láì dá sí méjì. Ní ti òórùn yẹn, bí o bá lo éèpo rẹ̀ tí wọn ò lọ̀, o ò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Àwọn kan máa ń lo méjèèjì pọ̀, díẹ̀díẹ̀, n kò sì lè bá wọn jà.

BísíAláàrò

Ta ló fẹ́ ṣù ú ribiti? Inú páànù ni mo ń da tèmi sí, ẹ̀gbọ́n 😄

Òótọ́Korò

Gbogbo wàhálà yìí nítorí búrẹ́dì! Lójú tèmi, àṣà ìgbàlódé lásán ni ọ̀rọ̀ gluten yìí. Kí ọkọ yín máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ á mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Rárá o, bọ̀dá Òótọ́Korò. Ẹ má gba èèyàn nímọ̀ràn tó máa pa á lára. Celiac kì í ṣe àṣà. Bí ẹni tó ní in bá jẹ gluten, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ fúnra wọn ló máa kọjú ìjà sí ìfun kékeré rẹ̀, wọ́n á máa jẹ àwọn irun wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀ run. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè gbẹ, eegun rẹ̀ lè dẹ̀. Kì í mọ́ni lára, bó ti wù kó kéré. Dókítà àwọn ọmọdé kan ní Netherlands tó ń jẹ́ Willem Dicke ti fi hàn láti nǹkan bí ọdún 1950 pé àlìkámà ló ń dá àwọn ọmọ tó ní in gúnlẹ̀, ẹ ò sì lè pe ohun tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní àṣà ìgbàlódé.

Fún ẹ̀yin mìíràn tó ń ka èyí, tí inú ń run yín bí ẹ bá jẹ búrẹ́dì: ẹ má tíì jáwọ́ nínú jíjẹ gluten kí ẹ tó lọ ṣàyẹ̀wò. Ohun tí ara ń ṣe láti bá gluten jà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń wá. Bí ẹ bá ti jáwọ́ fún ìgbà díẹ̀, àyẹ̀wò lè sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tó wà níbẹ̀.

Àǹtí Àdùkẹ́, ìbéèrè kan. Ṣé ṣúgà inú wàrà ni ara àbúrò yín kì í gbà ni, àbí purotéènì rẹ̀?

Àdùkẹ́Ilé

Ẹ ṣeun mà. Purotéènì rẹ̀ ni. Bó bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á sú, ètè rẹ̀ á wú.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ẹ ṣọ́ra gan-an nígbà náà. Wàrà tí wọ́n kọ lactose-free sí lára kò wúlò fún un. Ṣúgà rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti tú palẹ̀, wàrà màlúù ṣì ni, purotéènì rẹ̀ wà níbẹ̀ pé. Ẹ má lo bọ́tà. Kódà majarínì, ẹ ka ara rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní wàrà nínú. Bí ẹ bá ti rí whey, casein, caseinate tàbí milk powder, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Òróró lásán ló dára jù fún yín.

EwéTútù

Ṣé ẹyin kì í ṣe ara wàrà ni? Mo máa ń rí i pé wọ́n jọ ń kó wọn síbì kan náà.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Adìyẹ kì í fún ọmọ lọ́mú, ọmọ mi. Ẹyin kì í ṣe wàrà. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba wàrà lè jẹ ẹyin, àyàfi bí ẹyin náà bá jẹ́ èèwọ̀ ara rẹ̀ lọ́tọ̀.

BísíAláàrò

Ó sì wúlò nínú búrẹ́dì yìí! Purotéènì inú ẹyin máa ń dì bí ooru bá kàn án, èyí ló ń bá wọn gbé àárín búrẹ́dì ró. Ẹyin méjì tó. Àmọ́ ẹ ní láti dín omi kù bí ẹ bá fi í sí i, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú ẹyin.

Àdùkẹ́Ilé

Mo ti ń rí ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n AyanBúrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀? Kí ẹ má sọ fún mi pé “ìwọ̀nba” o.

AyanBúrẹ́dì

Kò burú. Ẹ wá òṣùwọ̀n, torí ife kò ṣeé gbára lé nínú eléyìí. Ife ìyẹ̀fun ìrẹsì kan àti ife sítáàṣì kan kì í wúwo bákan náà.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ gíráàmù 420. Ẹ bu 20 gíráàmù éèpo psyllium sí i, ẹ rò ó kíákíá kó má baà ṣù, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú abọ́ mìíràn, ẹ po ìyẹ̀fun ọkà bàbà 130, ìyẹ̀fun ìrẹsì 120, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ 80 àti sítáàṣì pòtétò 70. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 400. Ẹ fi yíìsì gbígbẹ gíráàmù 7, ṣúgà 20 àti iyọ̀ 8 sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa da psyllium tó ti ki náà lé e pẹ̀lú òróró 30 àti ṣíbí tíì fínígà méjì. Bí ẹ bá máa lo ẹyin méjì tí Bísí sọ, ẹ yọ nǹkan bí gíráàmù 80 kúrò nínú omi náà.

Ẹ pò ó títí tí ẹ kò fi ní rí ìyẹ̀fun gbígbẹ kankan mọ́. Àpòpọ̀ náà á ki, á máa lẹ̀. Bí ẹ bá fi ṣíbí gbé e, kò gbọdọ̀ ṣàn kúrò lórí ṣíbí, kò sì gbọdọ̀ dá ṣùkù bí amọ̀ gbígbẹ. Ẹ tọ́ omi sọ́wọ́, kí ẹ fi tẹ́ orí rẹ̀ nínú páànù. Páànù tó gùn, tó tóóró, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga ni kí ẹ lò, kí ẹ̀gbẹ́ páànù lè bá a dúró.

Ní báyìí, ẹ wá síbi tí tiyín ti bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni búrẹ́dì yìí ń wú. Kò sí pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ palẹ̀ kó tún wú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kò sì gbọdọ̀ dúró kó di ìlọ́po méjì. Bó bá ti fi nǹkan bí ìdajì lé sí i, tó ń súnmọ́ ẹnu páànù, ẹ gbé e wọ ààrò tó ti gbóná dé 200 dígírì. Èyí tó bá kọjá ẹnu páànù kó tó wọ ààrò ti lo gbogbo agbára rẹ̀ tán. Bí ìyàrá bá móoru, ó lè má tó ìṣẹ́jú 45. Ojú ni kí ẹ fi wò ó, ẹ má wo aago.

Á tó nǹkan bí wákàtí kan nínú ààrò. Bí èèpo rẹ̀ bá ti ń pupa jù, ẹ fi bébà fóìlì bo orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́.

ÌyáTóbi

Ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé inú rẹ̀ ti jinná? Tèmi máa ń dún kókó bí mo bá kàn án nídìí, síbẹ̀ inú rẹ̀ á ṣì tutù.

AyanBúrẹ́dì

Kíkàn án nídìí kò tó fún eléyìí, ìyá. Omi inú rẹ̀ pọ̀ jù, èèpo á ti gbẹ tí àárín kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ ra tẹmómítà oúnjẹ. Ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ àárín búrẹ́dì. Bó bá ti ka 97 sí 99 dígírì, ó ti jinná. Bó bá ka 90, ẹ dá a padà, bí èèpo rẹ̀ tiẹ̀ ń pè yín.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ wo ilé ìdáná yín. Ìyẹ̀fun àlìkámà máa ń fò nínú afẹ́fẹ́, á sì máa bà lé nǹkan. Bí ẹlòmíràn bá ń po àlìkámà lórí tábìlì yẹn láàárọ̀, ẹ má po ti ọkọ yín níbẹ̀ lọ́sàn-án láì nù ún dáadáa. Asẹ́ tí ẹ fi ń jọ ìyẹ̀fun tẹ́lẹ̀, ẹ ra òmíràn, torí ihò rẹ̀ kò ṣeé fọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣíbí igi àti pátákó igi tó ti sán. Tósítà, ẹ fi ọ̀kan sọ́tọ̀ fún un.

Kí ẹ sì ka ara ọ̀rá ìyẹ̀fun náà. Ìrẹsì kò ní gluten, àmọ́ bí ọlọ tó lọ àlìkámà bá tún lọ ìrẹsì, ó ti bà á jẹ́. Èyí tí wọ́n bá kọ gluten-free sí lára ni kí ẹ rà. Ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin sọ pé gluten inú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá mílígíráàmù 20 nínú kílógíráàmù kan.

EwéTútù

Mo ka ibì kan pé búrẹ́dì ekíkan, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun kíkan wú, kò ní gluten mọ́ nítorí pé àwọn kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán. Ṣé ọkọ wọn lè jẹ ẹ́? Àti spelt?

AyanBúrẹ́dì

Rárá, sí méjèèjì. Kíkan máa ń dín gluten kù díẹ̀, kì í pa á rẹ́. Spelt sì rèé, irú àlìkámà kan ni. Ọkà bálì àti ráì náà, ẹ yẹra. Bó bá wu èèyàn láti jẹ búrẹ́dì kíkan, kó fi ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí ọkà bàbà bọ́ ekíkan tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àdùkẹ́Ilé

Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo ti yan án. Kò rì! Orí rẹ̀ ga, ó rí yọyọ. Àbúrò mi ti jẹ ègé mélòó kan, kò yún un rárá.

Nǹkan méjì ló kù tí kò yé mi. Inú rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò díẹ̀, bí ẹni pé mo da nǹkan sí i. Ìdí rẹ̀ náà sì ń ṣe lẹ̀kẹ̀lẹ̀kẹ̀, bẹ́ẹ̀ tẹmómítà ka 98. Ó gbóná lọ́wọ́ ni mo gé e, a ò lè mú sùúrù.

BísíAláàrò

Ẹ kú oríire o! Psyllium ló ń fa àwọ̀ yẹn. Àwọn kan wà tó ń di elésè àlùkò tàbí eérú bí wọ́n bá wọ ààrò, pàápàá èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná. Kò ní pa yín lára. Ẹ pààrọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ ra èyí tó funfun.

AyanBúrẹ́dì

Ìdáhùn ìkejì wà nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ fi parí rẹ̀, àǹtí mi. Bí búrẹ́dì bá jáde nínú ààrò, sítáàṣì inú rẹ̀ ṣì rọ̀, kò tíì dì. Bó ti ń tutù ló ń dì. Ẹ gé e ní gbígbóná, ọ̀bẹ á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ ó sì rò pé kò jinná. Wákàtí méjì ó kéré tán, mẹ́ta ló dára. Mo mọ̀ pé òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn.

Ti ìdí rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni kó lò nínú páànù lẹ́yìn tó bá jáde, kí ẹ yọ ọ́ sórí wáyà. Bó bá jókòó pẹ́ nínú páànù, ooru tó ń jáde lára rẹ̀ á di omi, á padà sínú ìdí rẹ̀. Bó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ yọ gíráàmù 20 kúrò nínú sítáàṣì ẹ̀gẹ́, ẹ fi ọkà bàbà dípò rẹ̀. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tó bá pọ̀ jù máa ń jẹ́ kó fà bí ṣingọ́ọ̀mù.

ÌyáTóbi

Èmi máa ń kó tèmi sínú fíríìjì kó má baà bu. Ó ń le koránkorán ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí?

BísíAláàrò

Fíríìjì gan-an ló ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ mà. Sítáàṣì tètè máa ń le nínú òtútù fíríìjì ju ibòmíràn lọ. Bó bá ti tutù tán lọ́jọ́ tí ẹ yan án, ẹ gé gbogbo rẹ̀, ẹ fi bébà ìyan sáàárín àwọn ègé náà kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra, kí ẹ kó wọn sínú fírísà. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ mú ègé tí ẹ nílò, ẹ kì í bọ tósítà bó ṣe dì yẹn, ẹ má jẹ́ kó kọ́kọ́ yọ́.

EwéTútù

Ìbéèrè ìkẹyìn, ẹ má bínú sí mi. Búrẹ́dì tèmi kì í pọ́n láìsí wàrà. Ó máa ń funfun bálabàla. Ṣé kí n fi wàrà sóyà dípò omi?

AyanBúrẹ́dì

O lè fi í dípò ìdajì omi náà. Purotéènì wàrà àti ṣúgà rẹ̀ ló ń jẹ́ kí èèpo búrẹ́dì pọ́n, purotéènì sóyà sì lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Tàbí kí o fi òróró àti oyin díẹ̀ pa orí rẹ̀ kó tó wọ ààrò. Ka ara páálí wàrà náà kí o tó rà á, torí àwọn kan nínú wàrà tí wọ́n fi ewéko ṣe ní èròjà ọkà bálì nínú, òmíràn sì jẹ́ ti oats. Oats tí wọn kò kọ gluten-free sí lára, àlìkámà sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn láti oko tàbí níbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́.

Àdùkẹ́Ilé

Mo ti rí psyllium funfun rà. Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá fẹ́ ṣe é kéékèèké, kí kálukú ní tirẹ̀, ṣé ìwọ̀n yìí náà ni?

AyanBúrẹ́dì

Òun náà ni. Ẹ tọ́ omi sọ́wọ́, ẹ ṣù ú sí mẹ́jọ, ẹ jẹ́ kó wú díẹ̀, ìṣẹ́jú 25 sí 30 nínú ààrò. Tẹmómítà ṣì ni kó sọ fún yín. Bísí, ṣé o rí i pé wọ́n fẹ́ ṣù ú ribiti?

BísíAláàrò

Mo rí i, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n lọ ra psyllium.